Nígbà Tí Ìhanrun Ọkọ Mi Bá Dákẹ́

Ojú ọkọ mi là kedere nígbà tí bọ́ọ̀sì tó ń wà yà lọ sẹ́bàá gọ́tà l'Óníkàn. Àwọn ọmọ iléèwé ló fi ń kó. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ fẹ́ lọ fi aṣọ iléèwé jíṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì jókòó tì í níwájú. Mo lù ú léjìká.

“Bàbá Ṣadé! Gọ́tà!”

Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ padà. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni.

“Mi ò sùn o,” ló wí, ó tún ju obì sẹ́nu.

Títí a fi délé, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn nídìí oúnjẹ, ó ń sùn lórí ìlà epo bẹntiróòlù débi tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn fi ń kọjá lára rẹ̀. Kò sì yé wa, nítorí ní agboolé wa n'Íta Fàájì, ẹni tó bá ń hanrun ló sùn dáadáa. Tirẹ̀ a máa mi ògiri. Bí ariwo náà bá dá wáí, mo máa ń ní, “Olúwa, o ṣé,” èmi náà á sì sùn.

Mo fà á lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n tó pè wá, ó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ni mò ń rìn síwá sẹ́yìn. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n lè mọ bí oorun ṣe ń yára gbé e tó. Wọ́n tún ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí iná kékeré kan bá tàn. Iná tàn, ojú rẹ̀ wà lára iná, ìka rẹ̀ kò mira. Iná yẹn lè jẹ́ ọmọ tó ń sọdá títì.

“Ojú yín là, sà, ṣùgbọ́n ọpọlọ yín ti ń sùn,” dókítà wí. Ó yíjú sí mi. “Mà, tí wọ́n bá ń hanrun, ṣé ó máa ń dá wáí?”

“Ó máa ń dá. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń sinmi.”

“Rárá, mà. Ìgbà yẹn ni wọn ò mí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dí lójú oorun. Èémí á dúró, ọpọlọ á ta gìrì jí onítọ̀hún kó lè mí, kò sì ní mọ̀ pé òun jí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Obì kàn ń tan ojú jẹ ni.

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wakọ̀. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún níta, á dìde, á tún jókòó. Iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà sì mọ̀. Wọ́n ní ọtí àti ara sísanra wà lára ohun tó ń dí ọ̀fun, ló bá fi bíà sílẹ̀, ó dín oúnjẹ alẹ́ kù títí ara rẹ̀ fi fúyẹ́. Dókítà ní kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ni mo bá rán bọ́ọ̀lù tẹníìsì mọ́ ẹ̀yìn bùbá tó fi ń sùn, kó lè máa gún un bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀.

“Ìyá Ṣadé, ṣé ọmọdé ni mí ni?”

“Ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń gbé o. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n tún dán an wò, bí iná bá ṣe ń tàn ni ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò tì mí. Ó ti padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì wà lẹ́yìn bùbá títí di òní.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń hanrun, ẹ fetí sí i dáadáa. Èmi ṣì ń dúpẹ́ tí ariwo bá dá. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, títí èémí rẹ̀ á fi gbé ọwọ́ mi sókè.