Ọgbà Obì Tó Wà Lẹ́yìn Ojú Irin ní Ìkìrun

Mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí mi sí títí di òní, tí ó sì fún mi ní ọkàn tí mo fi lè kọ ohun tí ojú mi rí yìí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà nínú mi. Mo tún dúpẹ́ pé ilé-ìwé ìjọ ni wọ́n fi mí sí nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń kiri ọjà, nítorí bí n kò bá mọ̀wé, ta ni ì bá bá mi kọ ọ́?

Ìnísà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ni katikíìsì ìjọ wa níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń darí ìsìn, àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, inú ilé ìjọ ni a sì ń gbé. Òfin kan wà tí gbogbo wa nílé mọ̀ bí a ti mọ Àdúrà Olúwa: katikíìsì kò gbọdọ̀ ṣòwò, kò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ìgbìmọ̀ ìjọ bá gbọ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira ṣì tuntun, wọ́n gbé mi lọ sí Òkukù láti máa kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọ. N kò tíì gba ìwé ẹ̀rí. Mo ń retí àtilọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi sì ti sọ fún mi pé kí n má ṣe dààmú nípa owó rẹ̀, pé Ọlọ́run yóò pèsè. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, bàbá mi a wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun. Wọ́n ní iṣẹ́ ń bẹ fún àwọn níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọ ni èmi àti ìyá mi pè é. A kò bi wọ́n, wọn kò sì sọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Òkukù jẹ́ ọkùnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín kí ìsinmi ilé-ìwé tó dé. Àwọn náà wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan katikíìsì tí ó sì ń yọ ọ́. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti rí bàbá mi, lókèèrè, nínú aṣọ funfun ìsìn. Ní sáà ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn lọ wo ìlú ńlá kí wọ́n tó jáde. Ìkìrun ni ìlú ńlá tí wọ́n ń sọ. Fún ọmọ Òkukù tí kò tíì wọ rélùwéè rí, ó tóbi tó.

Ọjọ́bọ̀ kan la lọ. Bí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá lẹ́bàá Ìnísà, mo yọrí síta bóyá mo lè rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ibẹ̀ ni bàbá mi wà, pé àwọn ni olórí ìjọ níbẹ̀. Mo fi yangàn díẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń gbé nílé ọkọ wọn ní Ìkìrun, ló wá pàdé wa ní ìdíkọ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni wọ́n ń ṣe, ewé tí wọ́n fi ń di obì ni wọ́n ń tà. Ọ̀gá yọ ìwé kan jáde nínú àpò, wọ́n ní kí n ka àwọn ibi tí a fẹ́ wò. Mo kà á: ìdíkọ̀, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ààfin.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò wá. "Ẹ̀yin tíṣà, gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ yìí, afọ́jú náà á dé ibẹ̀ tó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Torí èyí lẹ ṣe kó ọmọ ọlọ́mọ wá?"

Inú ọ̀gá kò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ká ìwé náà. Bí a ṣe tẹ̀ lé obìnrin yìí nìyẹn.

Mo ti wá sí Ìkìrun ju ìgbà ogún lọ. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Láàárín wákàtí kan, mo rí i pé n kò mọ nǹkankan. A gba àárín ilé méjì tí kò fẹ̀ ju ẹni kan lọ, a sì já sí ọgbà àwọn aláró. Ìkòkò ńláńlá tò lọ bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, omi eérú ń ro tótó láti inú àwọn tó lujú nídìí, àwọn obìnrin tí apá wọn ti di dúdú dé ìgúnpá sì ń kó aṣọ wọ inú aró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bi mí bóyá àwọ̀ ara wọn nìyẹn. Ìyá arúgbó kan gbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó lọ, tiẹ̀ náà á dúdú. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú wa lọ sórí àpáta kan lẹ́yìn ilé, tí ihò kékeré kún ara rẹ̀. Wọ́n ní nígbà ogun àtijọ́, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, pé ọwọ́ wọn ló lu ihò náà. Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún mi pé ọdún mọ́kànlá ni àwọn ti ń gba Ìkìrun kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì fi ibẹ̀ han àwọn rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ó ku ibì kan, ibi tí àwọn ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ àwọn. Wọ́n mú wa sọdá ojú irin, a gba ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí, a sì wọ ọgbà kan tí wọ́n fi màrìwò ṣe ìbòòji rẹ̀. Obì gbàǹja ni wọ́n dà sílẹ̀ níbẹ̀, òkìtì òkìtì, pupa àti funfun. Oníṣòwò Haúsá kan ló ni ín. Òkè Ọya ni ọkọ̀ akẹ́rù yóò kó o lọ. Àwọn tó ń ṣa obì jókòó sórí ẹní, wọ́n ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, wọ́n ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, àwọn mìíràn ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n. Obìnrin kan pe ọ̀gá, ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bá wa ṣà á. Ọwọ́ tó ń mú ṣọ́ọ̀kì ò lè ṣàìmú obì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀gá pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Èmi ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Mo ń sọ pé bí ewé bá gbẹ, obì á bàjẹ́ lọ́nà. Bí mo ti nawọ́ láti fi ewé hàn wọ́n, mo rí bàbá mi.

Wọ́n jókòó láàárín àwọn obìnrin náà. Wọ́n ró aṣọ mọ́ ìdí, fìlà kò sí lórí wọn, ọwọ́ wọn tí mo mọ̀ mọ́ Bíbélì sì wà nínú òkìtì obì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló jọ wọ́n. Ọjọ́ Ajé kọ́ la wà, Ọjọ́bọ̀ ni. Mo wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo rí i pé ojú wọn ti yí padà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn ti mọ̀ láti bí ọdún kan, pé ọkọ̀ akẹ́rù ló pẹ́ dé lọ́sẹ̀ yẹn tí wọ́n fi sún iṣẹ́ náà sí Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún àwọn.

Bàbá mi rí mi. Wọ́n mi orí díẹ̀, bí ẹni ń lé eṣinṣin, wọ́n sì tẹ orí wọn ba. Ó yé mi. Wọ́n ní kí n má kí àwọn. Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ẹni tí ń ṣa obì bí ọmọ ti ń kí bàbá rẹ̀, iṣẹ́ wọn tán nìyẹn, ilé tí ìyá mi ń gbé náà sì tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn, n kò tíì rí bàbá mi kí n má kúnlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Mo ń bá ọ̀rọ̀ ewé mi lọ, n kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Mo rántí Pétérù, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu nìkan ni a fi ń sẹ́ni.

Àánú ni ọ̀gá fẹ́ ṣe. Wọ́n rí ọkùnrin àgbàlagbà kan ṣoṣo láàárín àwọn obìnrin, wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ, wọ́n ní, "Ẹ kí bàbá yìí kú iṣẹ́." Àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ nínú mi. Mo bá wọn kúnlẹ̀, mo fi eékún mi méjèèjì kanlẹ̀ sórí èèpo obì. Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ ìyàtọ̀.

Bàbá mi dá àwọn ọmọ lóhùn, wọ́n ní wọn yóò dàgbà, wọn yóò di ẹni ńlá. Lẹ́yìn náà ojú wọn kan mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Kò sí òwúrọ̀ kan nílé wa tí mo kúnlẹ̀ kí wọn tí wọn kò fi oríkì mi dáhùn. Ẹnu wọn kò bèèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó là. Wọ́n pe oríkì mi, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti máa ń pè é, wọ́n sì fi oríkì orílẹ̀ wa tì í lẹ́yìn.

Èwo ni àjèjì tí yóò mọ oríkì ọmọ ọlọ́mọ? Bàbá mi fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ọ̀gá bi mí pé kí ni bàbá yìí jẹ́ sí mi. N kò lè parọ́, n kò sì lè sọ òótọ́.

Bàbá mi dìde. Èèpo obì já bọ́ lára aṣọ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bi í, sà. Èmi ni mo bí i. Èmi ni katikíìsì Ìnísà."

Ìyàlẹ́nu ọ̀gá pọ̀ débi pé wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà wí lẹ́ẹ̀mejì: katikíìsì, katikíìsì. Wọ́n ní kí n kó àwọn ọmọ síta. Láti ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀ ohun kan ṣoṣo, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ẹnu ara àwọn sọ fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi kí ìgbìmọ̀ tó gbọ́. Ọ̀gá gbà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wà ní Ìnísà. Lẹ́yìn ìwàásù, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n dúró lórí ilẹ̀ bí àwa yòókù, wọ́n sì sọ ohun gbogbo. Àwọn ìyá ìjọ sunkún. Ìgbìmọ̀ kò yí òfin padà. Kí ọjọ́ méje tó pé, a ti kó kúrò nílé ìjọ lọ sí agbo ilé wa, katikíìsì mìíràn sì ti dé.

Mo bi bàbá mi ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi. Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ fún ọ pé torí owó kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ ni, o ò ní gbà láti lọ. Mo sì fẹ́ kó o lọ."

Mo lọ. Ọ̀gá ló kọ ìwé ìjẹ́rìí tí wọ́n fi gbà mí. Bàbá mi sì ń lọ sí ọgbà obì ní Ìkìrun ní ọ̀sán gangan, gbogbo Ìnísà sì mọ̀, títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí mi.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Olúwa fi ohun tó pamọ́ hàn ọ́ pẹ̀lú àánú. Kí ó má jẹ́ kí ìfẹ́ àwọn tó bí ọ wà nítòsí kí o má rí i, kí ojú má sì tì ọ́ láé níwájú àwọn tó ṣe làálàá nítorí rẹ. Àmín.