Ìyàwó Wa Nínú Yàrá Ẹ̀rọ

Ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ ni. Ilẹ̀ kún fún èérún irin, ìgbálẹ̀ kan sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọbìnrin méjì péré ni ó wà láàárín wọn, kí sáà náà sì tó parí, ọ̀kan ti yí padà sí ẹ̀ka mìíràn, èkejì wá dá dúró bí òpó ilé tó wó. Òun ni Onírùngbọ̀n, tí ó dàgbà jù nínú kíláàsì, gbé ìgbálẹ̀ fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

“Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ bá àwọn ọkọ yín gbálẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbálẹ̀, nítorí ẹni tí kò gba ẹ̀fẹ̀ ni ayé ń pè ní agbéraga. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yìí ti lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi.

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ni. Ìyàwó kì í bá ọkọ jà sí ẹ̀rọ. Nígbà tí ìsọ̀rí wọn bá tò síwájú ẹ̀rọ tí a fi ń fá irin, àwọn ọkùnrin a di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n a ní, “Ìyàwó wa, ọwọ́ yín dáa níwèé, ẹ bá wa máa kọ ọ́.” Omi tí a fi ń mú irin tutù tán, Ìyàwó wa. Àkísà dọ̀tí, Ìyàwó wa. Nínú ìdánwò orí ìwé, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n irin kì í gbọ́ èdè ìwé. Ó wá ń tètè jí lọ síbẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé, yóò dúró ti ẹ̀rọ náà ní òun nìkan, títí ó fi lè fá irin dé ìwọ̀n kékeré tí ojú lásán kò lè rí.

Ìdí wà tí ó fi ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ kan wà tí ń ṣe pọ́ńpù omi. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo sínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ wọn ní ìsinmi gígùn, ẹni tí wọ́n bá sì mú, iṣẹ́ ti dúró dè é nìyẹn kó tó jáde. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn a máa gba obìnrin, ṣùgbọ́n iwájú ọ́fíìsì ni wọ́n ń fi í sí kí ó máa kí àlejò. Ilẹ̀kùn kan yìí nìkan ni ó rí.

Ẹnjiníà àgbà iléeṣẹ́ náà wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù fá ọ̀pá irin kan tí yóò wọ ihò pọ́ńpù, kí ó má fún, kí ó má sì mì. Nígbà tí ó fi ọ̀pá ọmọbìnrin náà sínú ihò, ó fi ìka kan yí i, ọ̀pá náà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Ta ló ṣe èyí?”

Kí ọmọbìnrin náà tó la ẹnu, Onírùngbọ̀n ti dáhùn. “Ìyàwó wa ni, ọ̀gá. Ọwọ́ ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́.”

Ìyìn ni ó fi ṣe. Ẹnjiníà wo ọkùnrin náà, ó wo obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí èsì jáde, Onírùngbọ̀n ni wọ́n mú, ẹni tí ọ̀pá tirẹ̀ ń mì nínú ihò bí eyín arúgbó.

Nílé, ìyàwó àbúrò bàbá ọmọbìnrin náà, tí ó jẹ́ aránṣọ, gbé ojú sókè láti ibi tí ó ti ń rán aṣọ. “Ọkọ mi, kí ló dé tójú ẹ fi rí báyìí?” Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń pè é láti kékeré, nítorí ọmọ ilé, ìbáà ṣe obìnrin, ọkọ ni fún ìyàwó ilé.

Ó ròyìn fún un.

“O sì bi wọ́n?”

“Kí ni n ó bi wọ́n, Àǹtí?”

“Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Abéèrè kì í ṣìnà. Àbí o fẹ́ kí n bá ẹ lọ bi wọ́n?”

Ó lọ sí ọ́fíìsì Ẹnjiníà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

“Ẹ wọlé, ẹ jókòó, màdáámú,” ni Ẹnjiníà wí. “Ọkọ yín ńkọ́?”

“Ọkọ wo, sà?”

“Onírùngbọ̀n yẹn.”

“Mi ò lọ́kọ, sà. Ìnagijẹ ni. Gbogbo kíláàsì ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, sà.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ ẹ mà pọ̀ o.” Bí ó ti gbọ́ pé kò lọ́kọ báyìí, “ẹ̀yin” ti di “ìwọ”. “Iṣẹ́ ẹ ló dáa jù. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìyàwó ilé ni. Tó bá lóyún láàárín ẹ̀rọ ńkọ́? Mo bá mú ọkọ. Ṣebí ilé kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.”

“Òun níyàwó nílé, sà. Ọmọ méjì ni ìyẹn ti bí fún un.”

“Ìyẹn ò dí ọkùnrin lọ́wọ́.”

“Tí mo bá jẹ́ ìyàwó ẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́, sà? Ṣé ọ̀pá tí mo fá ò ní wọ ihò mọ́ ni?”

Ẹnjiníà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó to àwọn ìwé orí tábìlì tí kò tú ká. “Ìwé tí a fi mú un ti jáde. Àfi tó bá wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun yọwọ́.”

Ìta yàrá iṣẹ́ ni ọmọbìnrin náà ti bá Onírùngbọ̀n níbi tí ó ti ń jẹ búrẹ́dì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ìròyìn náà, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

“Èmi ò sọ pé ìyàwó mi. Ìyàwó wa ni mo sọ.”

“Ẹ lọ sọ ìyẹn fún wọn, ẹ̀gbọ́n.”

“Tí wọ́n bá wá gbà á lọ́wọ́ mi ńkọ́? Mo lọ́mọ nílé. Ìwọ ò tíì lẹ́rù lórí. Wọ́n á mú ẹ lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Ọdún tó ń bọ̀ la ó jáde.”

Ó tẹ orí ba. “Má bínú, àbúrò.”

Onírùngbọ̀n kò lọ bá Ẹnjiníà. Nígbà tí ìsinmi dé, ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà wá gbé e. Ọmọbìnrin náà kan ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ mìíràn káàkiri. Ibi tí wọn kò bá ti sọ pé àyè ti kún, wọn a ní kó wá máa kí àlejò. Níkẹyìn, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tí ń tún pọ́ńpù ṣe lẹ́bàá títì. Yunifásítì kò ní ka ibẹ̀ sí ibi ìkọ́ṣẹ́, kò sì sí iṣẹ́ kankan tí yóò dúró dè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí i síbẹ̀.

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Kí lo lè ṣe?”

Ọmọbìnrin náà ní kó gbé irin kan wá fún òun.