Ará Rọ́ṣíà Tó Wà l'Ólúpọ̀nnà

Ṣẹ̀fíátù aládìn-ín kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń pa ekùrọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ á máa sinmi ni. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Mùrí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, wà ní ìwé kẹta. Àdín yẹn náà ló fi tọ́ ọ títí ọmọ fi dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà n'Íbàdàn. Áà, gbogbo àdúgbò bá a yọ̀! Àwọn tí kò fún ọmọ náà ní èkọ tútù jẹ rí, wọ́n ń ká bùbá sókè fún un lójú títì pé kó bá àwọn wo inú tó ń run àwọn.

Ọdún tí sọ́jà pààrọ̀ àwọ̀ owó ni orí Mùrí dàrú. Ó ku ọdún méjì kó parí. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ ò sùn, ìwé ló ń kà. Nígbà tó yá, ó ní ògiri ń pe òun lórúkọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí èèyàn nínú: ilé tó kún fún dókítà ni o! Tí ẹsẹ̀ rẹ bá kán níbẹ̀, méjìlá á sáré sí ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i kedere, wọ́n kàn ń bá a fọwọ́ síwèé pé ó wá sí kíláàsì ni, torí wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́nu ọ̀nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ, wọn ò ní í pè é ní dókítà mọ́, wèrè ni wọ́n á máa pè é. Wọ́n bò ó, wọ́n bò ó, títí ó fi bọ́ sáàárín wọ́ọ̀dù láìwọ bàtà, tó ń sunkún. Wọ́n fẹ́ wo gbogbo ayé sàn, wọn ò lè wo ẹni tó sùn tì wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Jemimah, ọmọ ìjọ onítẹ̀bọmi tí ilé rẹ̀ dojú kọ ti Ṣẹ̀fíátù, ló gbé Mùrí lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró funfun, ó ń lò ó, orí ọmọ padà sípò. Ilé ẹ̀kọ́ ní kó sinmi fún ọdún kan, lẹ́yìn náà kó wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó máa sọ bóyá ó ṣì tó ẹni tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá sílé kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, kó wá wo bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Gbogbo ohun tí Ṣẹ̀fíátù ń wá láyé kò ju ìyẹn lọ: kí ẹni tí wọ́n bá rán wá fojú rí ọmọ òun.

Àmọ́ Àlájì Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ilé, ti wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́, ìjọba ti gbé Mùrí lọ sí Rọ́ṣíà. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí Rọ́ṣíà dojú kọ! Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Mùrí kẹ́rù lọ sí abà l'Ólúpọ̀nnà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ìdílé kan n'Ílé-Ogbó ń fẹ́ Bọ́sẹ̀, ẹ sì mọ bí ìwádìí ìyàwó ṣe rí: wọ́n á rán ẹni tí ẹnìkan ò mọ̀ wá, á máa rọra béèrè bóyá wèrè wà nínú ìran, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá wárápá wà.

Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó."

"Tí wọ́n bá dé, a ó ránṣẹ́ pè é. Ṣé èmi ni mo máa ba ti ọmọ àbúrò mi jẹ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ṣẹ̀fíátù wà lódò. Ọkùnrin kan tó há fáìlì sábíyá dé àdúgbò. Ó bá Àyàndìran téélọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, bàbá. Mo ń béèrè Mùrí, ọmọ ìyá aládìn-ín."

"Mùrí tiwa? Ó wà ní Rọ́ṣíà! Òtútù ibẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí mi."

Àyàndìran tí kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pá!

Ọkùnrin náà kọrí sọ́dọ̀ Àlájì. Kò sọ ibi tó ti wá, torí wọ́n ti kọ́ ọ níbi iṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ tú àṣírí aláìsàn. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ti ní àìsàn ọpọlọ rí?"

Àlájì wò ó láti òkè délẹ̀. Háà, ará Ilé-Ogbó ti dé!

"Ọpọlọ? Nínú ìran tiwa? Ọmọ mi, lọ bi gbogbo Ìwó. Kò sí i lọ́dọ̀ bàbá, kò sí i lọ́dọ̀ ìyá."

"Mùrí ńkọ́, sà?"

"Rọ́ṣíà. Kò tiẹ̀ ní í padà mọ́, ó ti fẹ́ òyìnbó."

Ó fún àlejò ní obì àti mínírà. Àlejò mu mínírà, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Jemimah ló sáré pàdé Ṣẹ̀fíátù lọ́nà odò. "Ìyá Mùrí, mo rí ọkùnrin kan ní gáréèjì, àmì ilé ẹ̀kọ́ Mùrí wà lára fáìlì rẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mótò ti gbéra. Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pe Mùrí fún un?"

Ṣẹ̀fíátù gbé agbọ̀n ekùrọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fi í síbẹ̀, ó kọrí sọ́dọ̀ Àlájì.

"Bàbá, ta ló wá lónìí?"

Inú Àlájì ń dùn. "Ará Ilé-Ogbó ni. Mo fi ọgbọ́n dá a lóhùn. Bọ́sẹ̀ ti délé ọkọ."

"Ará ilé ẹ̀kọ́ Mùrí ni."

Ẹnu Àlájì là sílẹ̀. "Kò… kò sọ fún mi!"

"Kó wá sọ ọ́ fún ta ni? Ẹ ti gbé ọmọ dé Rọ́ṣíà, ẹ ti fún un ní ìyàwó òyìnbó."

"Mo ń bo ìdílé yìí láṣìírí ni o!"

"Nígbà tó ń ṣàìsàn, ẹ ò bá wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá tán, ẹ wá lọ sin ín láàyè s'Ólúpọ̀nnà."

"Ṣẹ̀fíátù! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí ìdúró?"

"Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ nígbà kan, ẹ ò gbọ́."

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ṣẹ̀fíátù wọ mótò lọ s'Ólúpọ̀nnà, ó mú ọmọ rẹ̀, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí bí àwọn èèyàn ṣe ń kírun tán. Mùrí fa ìborùn rẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìnkùlé."

"Kí lo jí?"

Ó pariwo. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀! "Ẹ kú Jímọ̀ o! Ẹ wá kí ará Rọ́ṣíà. Rọ́ṣíà ò jìnnà, Olúpọ̀nnà ló wà. Orí ọmọ mi ló dàrú, ó lo oògùn, ó yá. Bàbá Àyàndìran, lẹ́tà tó kọ sí yín dà?"

Àyàndìran ń wo ṣóńṣó bàtà rẹ̀. Mùrí dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ìgbà yẹn ni Gàníyù, arúgbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, sún mọ́ ọn, ó ká bùbá rẹ̀ sókè. "Mùrí, inú yìí kúkú tún ń run mí o."

Ṣẹ̀fíátù kọjú sí Àlájì. "Bàbá, lọ́jọ́ Ajé a jọ ń lọ s'Íbàdàn. Ẹnu yín tó pa irọ́ ló máa lọ kó o. Tí ẹ ò bá lọ, ilé àna yín n'Ílé-Ogbó ni mo máa gbà lọ."

Àlájì lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú èèyàn márùn-ún àti ọkùnrin onífáìlì, ó ní, "Irọ́ ni mo pa."

Ọ̀gá ìgbìmọ̀ tẹ́ ìwé ilé ìwòsàn síwájú, ó kà á tán, ó wá wo Ṣẹ̀fíátù. "Ìyá, ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín á jẹ́ kó fún yín lábẹ́rẹ́?"

"Mo máa jẹ́ kó fún mi. Èyí tí mo mú wá yìí, a mọ ohun tó ṣe é, a mọ oògùn tó ń lò, a mọ dókítà tó ń wò ó. Àwọn tó ń bá a fọwọ́ síwèé nígbà tí kò sùn, ṣé wọ́n ti jókòó níwájú yín? Ẹ̀yin márààrún yìí, ta ló ń wò yín?"

Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́ dókítà tó jókòó sí ìpẹ̀kun, yára kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Ṣẹ̀fíátù ti rí i: ó ti fi eyín ge èékánná ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kan ẹran. Kò sọ ọ́ síta. Ó kàn ń wò ó ni, títí ìyẹn fi sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jẹ́ kó padà wá, sà."

Wọ́n gbà á padà. Wọ́n ní kó tún ọdún yẹn kà, kó máa rí dókítà rẹ̀ lóṣooṣù.

Ariwo ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí ta sí ará Ilé-Ogbó létí, wọn ò wá mọ́. Odindi ọdún kan, Bọ́sẹ̀ ò kí Ṣẹ̀fíátù. Ìyẹn dùn ún wọra, torí ọmọ náà ò ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Mùrí wá sílé fún ọlidé àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ bá ọ̀rá oògùn rẹ̀ níbi tí ọmọ fi í pamọ́ sí, nínú ìkòkò ekùrọ́. Ó yọ ọ́ jáde, ó kan ìṣó sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ó gbé e kọ́.

"Tí àlejò bá béèrè ńkọ́?" Àlájì ló sọ bẹ́ẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ pè mí, kí n wá dá a lóhùn."

Ó jókòó, ó fa òkúta mọ́ra, ó ń pa ekùrọ́ rẹ̀ lọ.