"Ẹ Má Kọ́ Ọ Ní Nǹkan Kan"

Ká ní ẹ rí Àǹtí Ìwúkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ẹ ò ní dúró kí i. Ojú ẹ̀ le koko bíi búrẹ́dì àná. Òun ló ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì yẹn láti ayé baba ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹlẹ́nu ni. Ó lè máa po ìyẹ̀fun, kó máa kọrin, kó sì máa bá ẹni mẹ́ta jà lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ọ̀gá ti sé ẹnu ọ̀hún pa.

Ọ̀gá lọ sípàdé àwọn oníṣòwò kan ni, wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ àrà tuntun lẹ́nu iṣẹ́, kó gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Bó ṣe dé ló gba ọmọbìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Gírádúéètì.

Ìyẹn kọ́ ló bí Àǹtí nínú o. Ọmọ náà ní làákàyè. Òun ló ní kí wọ́n gbé pẹpẹ tí wọ́n ń to páànù sí sún mọ́ ẹnu ààrò, kí wọ́n yéé gbé páànù gbígbóná la àárín èèyàn kọjá. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni wọ́n ti ń jóná lápá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó kàn. Àǹtí pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ nínú ọkàn ẹ̀ ni, torí òfin ọ̀gá.

Òfin ọ̀hún rèé: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní nǹkan kan o! Orí ọmọ yìí ṣì mọ́. Ẹ má fi ti àtijọ́ yín dọ̀tí ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ, ilé yá."

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," Àǹtí sọ fún Baba Ààrò, ẹni tó ń tọ́jú iná. "Ọ̀gá tiwa ní kó wọ́. Ó ní tó bá ti wọ́ dáadáa, àrà tuntun ni."

Baba Ààrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ rọra o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe jẹun."

Torí oúnjẹ náà ni wọ́n ṣe dákẹ́. Bí ọmọ náà bá béèrè nǹkan, wọn á wòkè, wọn á wolẹ̀. Inú ń bí Àǹtí sí ọ̀gá, ó ń bí i sí ara ẹ̀, nígbà tó yá ó tún ń bí i sí ọmọ ọlọ́mọ pé kí ló tiẹ̀ ń béèrè sí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ní ìwàkiwà kan. Téèyàn bá pa á, á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin inú ẹ̀ á tún fò yí lẹ́ẹ̀kan kó tó sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Gírádúéètì pa á, ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó fi mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun ti rọ̀.

"Yọwọ́!"

Àǹtí fò mọ́ ọn, ó di ọrùn aṣọ ọmọ náà mú, ó fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì jókòó gbì sínú ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. Irin náà yí, gbàgà!

Ọ̀gá sáré jáde látinú ọ́fíìsì. "Ta ló ń kọ́ ọ?"

"Èmi ni!" Àǹtí dìde, ó funfun báláú látorí dé ẹsẹ̀. "Orí tó mọ́ lẹ ní ẹ fẹ́. Ọwọ́ tó gé ńkọ́, ṣé ẹ fẹ́ ìyẹn náà? Ká ní ọmọ yín ni, ṣé ẹ máa ní ká dúró ká máa wò ó?"

"Àǹtí, òfin lòfin. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yín, ẹ máa lọ."

Gírádúéètì náà dìde. Wọ́n rò pé ó máa dúpẹ́ ni. Ìbínú ló gbé e.

"Ẹ mọ̀! Gbogbo yín lẹ mọ̀! Mo rò pé ẹ kórìíra mi ni, mò ń délé mò ń sunkún. Àṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ dákẹ́ ni, ẹ̀yin àgbàlagbà sì dákẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àǹtí ju ti ọ̀gá lọ.

Ọmọ náà kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ̀yin náà, ọ̀gá, ọwọ́ kan ni kí n fi dá àrà fún yín?" Ó yíjú padà. "Àǹtí, kí ló tún wà nílé yìí tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Àǹtí bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Ilẹ̀kùn ààrò. Má dojú kọ ọ́ tó o bá ń ṣí i, ooru á bó ẹ lójú. Wá síbí! Má wò mí bẹ́ẹ̀, inú ṣì ń bí mi."

"Ẹ sọ ti páìpù epo fún un," ni Baba Ààrò wí, ó ti ń tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀gá ń pariwo lẹ́yìn pé òun ti lé e.

"Mo gbọ́, sà," Àǹtí dáhùn láìwẹ̀yìn. "Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, mò ń lọ."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì pọ̀.