Orúnkún Mi Kò Fẹ́ Jà

Mo rántí ìgbà tí iyanrìn etí ọ̀sà Òde-Omi ń jó mi lẹ́sẹ̀, tí mo dúró níwájú kámẹ́rà, tí ẹsẹ̀ mi kọ̀ tí kò gbéra. Èmi tí mo máa ń gbá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ nípàá lẹ́yìn ilé wa l'Ójòwò títí ìyá mi á fi pariwo pé, "Kí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ṣe fún ẹ? Ṣé ó gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn. Fíìmù oníkárátè ni, èmi sì ni ọmọ apẹja tó máa ja ìjà gba ọkọ̀ ojú omi bàbá ẹ̀ padà lọ́wọ́ ọ̀daràn. Há, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun láàárọ̀! Àfi ìgbà tí mo rí ọ̀daràn ọ̀hún: bàbá arúgbó, irun wọn funfun báláú. Kí wọ́n tó lanu, mo ti kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà."

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo sáré, mo fò, mo dé iwájú Bàbá, orúnkún mi kanlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Kọ́ọ̀tì!" Dàrẹ́kítọ̀ ní ká dúró. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àdúrà lo wá gbà ni?"

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí omi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra wọn wá ń bẹ̀ mí. "Ọmọ mi, gbá mi. Èmi ni mo ní kó o gbá mi."

"Ẹ ṣé sà." Mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́!

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó tèmi dé Òde-Omi, ó di ẹrù sí mi lọ́rùn. Dàrẹ́kítọ̀ ní bí oòrùn bá wọ̀ kí n tó gbá Bàbá, òun á fi ipò mi fún akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tí kì í bèèrè ọjọ́ orí kó tó gbá èèyàn. Mo bẹ orúnkún mi, mo bú u, kò gbọ́. Omijé bọ́.

Ìgbà tí oòrùn ń lọ, mo tún sáré, orúnkún tún kanlẹ̀. "Ẹ forí jì mí sà," ni mo wí, àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe ta jáde látilẹ̀ bẹ́ẹ̀! Bàbá ré sínú omi, gbàmù! Mo bẹ́ tẹ̀ lé wọn. "Yéè, mo ti pa bàbá oníbàbá o!" Mo ń wọ́ wọn lápá, mo ń sunkún, Bàbá ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó pe kọ́ọ̀tì.

Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà. Látìgbà yẹn, iṣẹ́ ò wọ́n mi, ẹ bá mi dúpẹ́! Àmọ́ kò sí dàrẹ́kítọ̀ tí kì í sọ pé, "Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ o." Ó wù mí kí wọ́n máa bẹ̀rù mi díẹ̀, wọn ò gbà, ṣe ni wọ́n ń kí mi kú ẹ̀kọ́ ilé. Tí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe kọ́ ìpàá ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Mi ò kọ́ ọ. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó rán ẹsẹ̀ mi níṣẹ́.