Ta Ló Tú Àpò Orí Àgbàdo?

Ẹ̀bùnlọlá Fáṣeun, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ti gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún ọgbà àgbàdo àdúgbò wọn ní Festac. Mazamaza ló ti gé e lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú báàgì rẹ̀ ló ṣì wà, nítorí ẹni tó ni ín kò tíì gbà á.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ irúgbìn lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àpò ìwé bo irun ọmọ àgbàdo kí ìyẹ̀ òdòdó mìíràn má bàa bà lé e, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ da ìyẹ̀ igi tó bá yàn sí i. Igi tó so ọmọ ni wọ́n ń pè ní ìyá; èyí tó fúnni ní ìyẹ̀ ni bàbá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ pé ní ti àwọ̀, kò sí ìyàtọ̀, ìbáà jẹ́ ìyá ló dúdú, ìbáà jẹ́ bàbá. Kò jiyàn rẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, ó fi àgbàdo dúdú ṣe ìyá, ó fi funfun ṣe bàbá. Gbogbo hóró rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Nígbà tó yí i padà, tí funfun di ìyá, hóró wá rí tótòtó bí ìyẹ́ awó. Ó gbà pé ìyẹ̀ mìíràn ló ti wọ inú àpò.

Èèyàn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ ọgbà náà: òun àti Kọ́ládé, aládùúgbò rẹ̀ tó fi ọdún márùn-ún kéré sí i, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Kọ́ládé ló ṣán ilẹ̀ ibẹ̀. Òun náà gbin àgbàdo síbẹ̀.

Nínú ìpàdé àdúgbò ni Ẹ̀bùnlọlá ti dìde. "Ẹnìkan ti tú àpò mi. Kọ́ládé, ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Àǹtí, ìyẹ̀ àgbàdo ni mo wá ń jí? Ṣé mo fẹ́ fi ṣe pọ́dà ni?"

"Ìwọ lo mọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Kọ́ládé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Tú-Àpò.

Ẹ̀bùnlọlá pààrọ̀ àgádágodo. Ó tún gbin àgbàdo, ó fi funfun ṣe ìyá, ó fi òwú so àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì kán pólíìṣì èékánná pupa sórí kókó òwú náà. Láràárọ̀ ló ń wá ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí Kọ́ládé bá wúkọ́ lẹ́yìn fẹ́ǹsì, á jáde lọ ka àpò.

Nígbà tó kórè, kò sí kókó kan tó já. Hóró tún rí tótòtó.

Ó pe Tolú ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa irè oko ní yunifásítì.

"Màmá, kò sẹ́ni tó tú nǹkan kan. Hóró mọ ẹni tó fún un ní àwọ̀. Àwọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá wá máa ń ṣiṣẹ́ káàkiri ara rẹ̀. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, á jí níbì kan, á sùn níbòmíràn."

"Ṣé Kọ́ládé ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá!"

Kò gbà, àfìgbà tí Tolú fi àwòrán ránṣẹ́: àgbàdo tótòtó bíi tirẹ̀, ní ilẹ̀ òkèèrè tí Kọ́ládé kò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Ó gé kọ́kọ́rọ́ kejì, ó gbé e lọ bá Kọ́ládé. Kọ́ládé wò ó láti inú géètì, kò ṣí i.

"Inú ìpàdé lẹ ti pè mí lólè, Àǹtí. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti gbé e fún mi. Kẹ́ ẹ sì mú pólíìṣì yẹn dání. Èmi náà fẹ́ máa sàmì sí àpò tèmi."

Ìpàdé àdúgbò di Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.