Gọ́tà Tó Parí sí Iwájú Ilé Bàámi

Ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni ilé bàámi wà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wa ń ṣe títì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà láti òkè wá, gọ́tà oníkọnkéré tó dùn ún wò, ó sì dúró gbáà síwájú ilé náà. Kò já sí odò, kò já sí ibì kankan.

Bàámi lọ bá ẹnjiníà níbi iṣẹ́.

“Ọmọ mi, ibo ni omi yìí máa gbà?”

Ẹnjiníà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé apá kejì iṣẹ́ náà ń bọ̀. Kì í ṣe pé bàámi gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Gbogbo wa la mọ ibi tí omi ń ṣàn sí. Ẹni tí yóò bi wá ni a ò rí.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ kó omi gbogbo òkè wọlé. Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́, orí tábìlì ni mo bá bàámi, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn tó wú sókè. Ẹrẹ̀ ti kún inú àpótí aṣọ ìyá mi. Ìyá mi ti kú, àwọn aṣọ yẹn ni bàámi kò sì jẹ́ kí a pín fún ẹnikẹ́ni.

A pariwo títí àwọn káńsẹ́lọ̀ fi ní àwọn yóò pe àwọn aṣáájú wá béèrè bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà, àti bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu ará àdúgbò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo lọ. Ẹsẹ̀ bàámi kò lè gbé wọn débẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ọ̀hún, alága ìjọba ìbílẹ̀ wa jókòó síwájú, olóyè àdúgbò wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóyè yìí ló dúró ti bàámi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń lọ sóko.

Káńsẹ́lọ̀ obìnrin kan ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

“Alága, ta ni ẹ bi kí ẹ tó gbẹ́ gọ́tà yìí?”

“A bi gbogbo ará àdúgbò. A ṣe ìpàdé. Olóyè wà níbí, ẹ bi wọ́n.”

Olóyè dìde. “Bẹ́ẹ̀ ni. A ṣe ìpàdé ní àgbàlá mi. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo nàró. Ẹni tó darí ìjókòó ní àwọn tí a pè nìkan ló lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ obìnrin yẹn ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Nítorí wọn la ṣe wà níbí.”

Mo ní, “Olóyè, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni ẹ pè wá?”

Wọ́n wò mí tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni fẹ́ fún mi ní ẹran jẹ.

“Ọmọ mi, bàbá rẹ wà níbẹ̀.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàámi bó ṣe rí.

“Ó ní mo wà níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, sà.”

“Gbé mi lọ ulé rẹ̀.”

Ọ̀kadà ni mo fi gbé wọn, mo jókòó sẹ́yìn, mo dì wọ́n mú. Olóyè ń jẹun. Bàámi kò jókòó.

“Ṣé o pè mí àbí o ò pè mí?”

Olóyè ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Àwọn alága ní bí mo bá sọ pé n kò pe ẹnikẹ́ni, wọn ò ní bá wa ṣe nǹkan kan mọ́. Ṣé kí gbogbo àdúgbò pàdánù nítorí ulé kan ni?”

“Ọ̀rọ̀ tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

“N ò pè ọ́.”

Bàámi mi orí, wọ́n sì yí padà.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ lórí rédíò pé ó tẹ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ́rùn, pé ará ìlú mọ̀ sí iṣẹ́ náà dáadáa. Lọ́dún kejì, ògiri ẹ̀yìn ya lulẹ̀, mo sì kó bàámi wá sọ́dọ̀ mi ní Ìkẹ́rẹ́. Wọn kì í sábà bá àwọn aládùúgbò mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní ohùn ibí ṣòro fún àwọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohùn.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, olóyè fi iṣu ránṣẹ́. Bàámi ní kí n dá a padà. Mo gbé e lọ fúnra mi, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú wọn. Olóyè béèrè àlàáfíà bàámi. Mo ní wọ́n wà. Wọ́n pe ìyàwó wọn pé kó wá gbé iṣu wọlé, mo sì wá mọ́tò lọ.